Ẹ̀rọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ̀sùn Kàn

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, ó ń pàṣẹ fún gbogbo ayé, ara rẹ̀ sì yá gágá. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ ti jáde nínú ààrò. Àwọn tó ń rà á lọ tà ti tò síta, wọ́n ń jà nítorí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin dúró nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀yẹ̀fun, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń ṣeré. Ọmọ rẹ̀ kejì ń gbé àpò ìyẹ̀fun wọlé láti inú ọkọ̀. Ìyàwó ọmọ kejì yìí dúró nídìí tábìlì, ó ń gé ìyẹ̀fun pípò sí ìwọ̀n búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ òsì ló sì fi ń gé e.

Ọwọ́ òsì yìí ni kò jẹ́ kí inú Ìyá dùn tán. Kì í ṣe pé obìnrin náà ń ba iṣẹ́ jẹ́ o. Kò sẹ́ni tó yára tó o nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ni Ìyá ti sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́ Òsì, kò sì pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú búrẹ́dì, Ọlọ́wọ́ Òsì ni. Bí òjò bá rọ̀ tí ọjà kò tà, ẹ bi Ọlọ́wọ́ Òsì.

Kí ẹni tí kò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀yẹ̀fun rí lè mọ̀ ọ́n, irin róbótó méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n nípọn bí itan géńdé. Bí iná bá dé sí i, irin méjèèjì á máa yí. A ó ju ìyẹ̀fun pípò sí àárín wọn níwájú, wọ́n á fà á wọlé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, á bọ́ sẹ́yìn. A ó ká a, a ó tún jù ú sí i, títí tí á fi dán. Irin yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyẹ̀fun àti ìka ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe é fi de asẹ́ irin kan bo ẹnu rẹ̀, tí ìyẹ̀fun lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ kò lè gbà. Wọ́n sì fi bọ́tìnì pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbá a, ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀.

Asẹ́ yìí kò sí lẹ́nu ẹ̀rọ mọ́. Ìyá ló ní kí wọ́n tú u, ó ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tú u tán, ó wò ó sọ́tùn-ún wò ó sósì, ó rí i pé ó fẹ̀, ó sì ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ló bá gbé e lé orí bíríkì, ó sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń to búrẹ́dì gbígbóná lé kó tutù. Ó máa ń fi í yangàn fún àlejò pé, "Àwọn tó ṣe é kò tilẹ̀ mọ ìwúlò ohun tí wọ́n ṣe." Ní ti bọ́tìnì pupa, àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀rọ náà sì ti bu èèyàn jẹ rí. Òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Asùnmáparadà tó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kan sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Ìyá ní oorun ló ń kùn ún, ó sì lé e lọ kí ọgbẹ́ rẹ̀ tó jinná. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ gbá ìyàwó mú ní èékánná, orí ló yọ ọ́. Ìyá fẹnu yọ ṣùtì sí i, ó ní kí lèèyàn ń retí lọ́wọ́ ọlọ́wọ́ òsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìyàwó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá asẹ́ yẹn padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Apá aṣọ Bọ̀ọ̀dá ti ń fì lẹ́bàá irin yẹn látàárọ̀, àyà mi ń já."

Ìyá kò wojú rẹ̀. "Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, Màmá."

"Mo rò pé eku ló ń dún."

Àkọ́bí rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, fọkàn ẹ balẹ̀. Èmi àti ẹ̀rọ yìí la jọ dàgbà. Ó mọ̀ mí."

"Ẹ̀rọ kì í mọ èèyàn, Bọ̀ọ̀dá. Tó bá gbá aṣọ mú, ọwọ́ ló máa tẹ̀lé e. Bọ́tìnì tó sì yẹ kẹ́ ẹ gbá, ẹ kò lè rí i, àpò ti bò ó. Ẹ̀rọ yìí máa gé ọwọ́ èèyàn nínú ilé yìí lọ́jọ́ kan."

Ìyá dìde lórí àpótí.

"Kí lo wí? Tún un sọ kí n gbọ́. Ọwọ́ ta ni? Dárúkọ ẹni náà! Ọwọ́ ọmọ mi?"

"Màmá, mi ò ṣépè. Ìkìlọ̀ ni."

"Ìkìlọ̀! Orí ọmọ mi kọ̀ ọ́! Èpè ẹ á padà sórí ẹ!"

Ọkọ rẹ̀ sọ àpò tó wà léjìká rẹ̀ kalẹ̀. "Màmá, ohun tó ń sọ kò burú..."

"Ìwọ, pa ẹnu ẹ dé! Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìwọ lọ fẹ́ tìẹ wá sínú ilé."

"Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́, Màmá."

"Kí wọ́n lọ máa wẹ ara wọn níta. Nínú ilé búrẹ́dì mi, ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, ìyàwó gbé ọ̀bẹ rẹ̀, ó sì ń gé ìyẹ̀fun lọ. Ìyá padà jókòó pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó borí ìjà. Kò yí orí wo ẹ̀rọ náà rárá.

Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ pọ̀. Àwọn oníbàárà ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá ń pariwo mọ́ Àkọ́bí pé kó yára. Ìyẹ̀fun kan tó le díẹ̀ há sẹ́nu ẹ̀rọ. Àkọ́bí fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, bó ti ń tì í lójoojúmọ́. Ohun tí Ìyá gbọ́ lẹ́yìn náà kò jọ ohùn ọmọ rẹ̀, kò jọ ohùn èèyàn rárá.

Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó gbá a mú níbàdí, ó ń fà á. Ọwọ́ ọ̀tún Àkọ́bí ti wà láàárín irin dé ọrùn ọwọ́. Ó ń fi ọwọ́ kejì wá bọ́tìnì, àpò ìyẹ̀fun ló ń fọwọ́ bà. Ìyàwó kò sáré sọ́dọ̀ wọn. Ara ògiri ló sáré lọ, níbi tí súìṣì ńlá wà, ó sì pa á. Ẹ̀rọ dúró.

"Ẹ má fà á! Màmá, ẹ má fà á!"

"O fẹ́ kó kú síbẹ̀!"

"Tẹ́ ẹ bá fà á, ẹran ọwọ́ rẹ̀ á bó tán! Irin òkè la máa gbé sókè!" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Gbé sípánà wá. Èyí tẹ́ ẹ fi ń mú kí àárín irin fẹ̀. Ẹnikẹ́ni má tan iná o!"

Ọmọ kejì fi sípánà yí ìdè tó wà lórí ẹ̀rọ, irin òkè gbéra díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ náà sì bọ́. Ìyá wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò tún lè wò ó mọ́. Ìyàwó fi aṣọ mímọ́ dì í pinpin, ó ní kí Àkọ́bí na ọwọ́ náà sókè kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà púpọ̀. Ọkọ̀ tó fi àpò ìyẹ̀fun wá ni wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà kò fọ̀rọ̀ bò fún wọn. Ìka mẹ́rin ti run, wọn yóò gé wọn. Wọ́n á sapá kí àtàǹpàkò lè kù.

Ìyá sunkún tán, ó nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa jẹ̀bi. Kò wá a jìnnà. Ìyàwó dúró létí ògiri, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Ẹ wò ó!" Ìyá na ìka sí i lójú gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ wò ó dáadáa! Lánàá ló dúró níwájú mi, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ á gé ọwọ́ èèyàn nílé mi. Lánàá o! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Àwọn èèyàn mi orí. Obìnrin kan ṣe "háà." Ọkùnrin kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó.

"Màmá," ìyàwó wí, "ṣé ìkìlọ̀ ló wá di ẹ̀ṣẹ̀ mi? Ká ní mo dákẹ́ ńkọ́?"

"Ká ní o dákẹ́, ọwọ́ ọmọ mi ì bá wà lára rẹ̀!"

Ẹ wo irú ìdájọ́ yìí. Ẹni tó rí ihò lójú ọ̀nà tó pariwo, tí a kò gbọ́, nígbà tí a já sínú ihò, a ní ariwo rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Òwe àjẹ́ yẹn dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n òwe kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó bá ṣáájú nǹkan kọ́ ló fa nǹkan náà, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tí a ti kórìíra tẹ́lẹ̀ ló wà níwájú.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan jáde pẹ̀lú ojú líle. "Ẹ dẹ ohùn yín sílẹ̀. Màmá, ẹ̀rọ wo ló gbá a?"

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀yẹ̀fun."

"Asẹ́ ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

"A tú u."

"Ta ló tú u?"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ máa tọ́jú ọgbẹ́ yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilé wa sílẹ̀ fún wa."

"Mo ti tọ́jú ọgbẹ́ tòní, Màmá. Èyí tó ń bọ̀ ni mò ń bèèrè."

Ìyá gbọ́ ọ, ó sì dùn ún wọ egungun. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún un láti gbà pé ìyàwó ọmọ òun jẹ́ àjẹ́ ju kó gbà pé òun lòun ní kí wọ́n tú asẹ́. Nítorí náà, ó lọ láti ojúlé dé ojúlé lọ́jọ́ yẹn, ó ń ròyìn. Ìtàn náà sì dùn gbọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè bí ẹ̀rọ náà ti rí.

Nígbà tí ojú Àkọ́bí là dáadáa, Ìyá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọmọ kejì náà dúró níbẹ̀.

"Ọmọ mi, sọ fún àbúrò ẹ kó gbọ́. Ìyàwó pè ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? O wojú rẹ̀, ọwọ́ ẹ sì yẹ̀."

"Kò pè mí."

"O lè má gbọ́ ọ. Irú wọn kì í pariwo."

"Màmá, kò pè mí! Ìyẹ̀fun há, mo fọwọ́ tì í. Apá aṣọ mi ló kọ́kọ́ wọlé."

"Ṣebí o ti ń tì í látọjọ́ yìí, tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ kejì tó sọ̀rọ̀?"

"Ó ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó ń sá kọjá títì láìwo iwájú láìwo ẹ̀yìn, gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ kò gbá a, ṣé títì ló mọ̀ ọ́n?" Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tó gé Asùnmáparadà, ẹ ní oorun ni. Mo wà níbẹ̀, Màmá. Ojú rẹ̀ là kedere, mo sì gbè yín lẹ́sẹ̀. Nígbà tó gbá ìyàwó, a ní ọwọ́ òsì ni. Ìka Bàbá tí kò ká mọ́ títí wọ́n fi kú, ẹ̀rọ yìí kan náà ni, kí la sọ? A ní àpá akíkanjú ni. Ẹni tí a kò fẹ́, a dá a lẹ́bi. Ẹni tí a fẹ́ràn, a kì í dá a lẹ́bi. Ó wá kàn mí, ẹ ní àjẹ́ ni. Ẹ̀rọ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò fẹ̀sùn kàn."

"Ta ni kí n bá wí? Irin?"

Àkọ́bí gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sókè. "Tó bá jẹ́ òsì ló ni ẹ̀bi, èyí ńkọ́? Ọ̀tún ni." Ó yí ojú sí ògiri. "Ẹ jáde, Màmá. Ó rẹ̀ mí láti máa rí yín."

Ẹ má rò pé ojú Ìyá là lójú ẹsẹ̀. Ìgbéraga kì í tètè kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilé búrẹ́dì ló kọ́kọ́ lọ, kò lọ sí ilé ìwòsàn. Ó fẹ́ kí ọmọ kejì dúró nídìí ẹ̀rọ, nítorí àwọn oníbàárà kì í dúró de ọgbẹ́. Ó bá ọmọ kejì àti ìyàwó níbẹ̀, wáyà ẹ̀rọ sì ti yọ kúrò lára ògiri.

"Ta ló yọ wáyà yìí?"

"Èmi ni," ọmọ kejì dáhùn.

"Dá a padà, kó o sì dúró síbẹ̀."

"Mi ò dúró níbẹ̀, Màmá."

"Àbí ìyàwó ẹ ló kọ́ ọ?"

Ìyàwó bọ́ síwájú. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Màmá, ẹ bọ́ síbẹ̀ fúnra yín. Ẹ̀yin kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì, oorun kò sì kùn yín. Àjẹ́ kankan ò ní sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ fi ọwọ́ yín ti ìyẹ̀fun sí i, ká wò ó."

"Ṣé o rò pé ẹ̀rù á bà mí?"

Ìyá gbé ìyẹ̀fun pípò lórí tábìlì, ó lọ dúró níwájú ẹ̀rọ. Iná kò sí lára rẹ̀, wáyà rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó wo ẹnu irin méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì nù. Ó na ọwọ́, ọwọ́ náà kò lọ. Ó tún un nà, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ tó di ìyẹ̀fun mú. Níbẹ̀ ló ti mọ̀, láìsí iyèméjì, pé òun ti ń bẹ̀rù ẹ̀rọ yìí láti ọjọ́ tó ti gbá ìka ọkọ òun mú, òun sì ti ń rán ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn níbi tí òun kò lè fi tòun sí.

Ó lọ síbi asẹ́, ó kó búrẹ́dì tó kù lórí rẹ̀ kúrò, ó gbé e wá síwájú ẹ̀rọ, ó sì jókòó sílẹ̀.

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá lọ́jọ́ náà. Ó de asẹ́ padà, ó sì so ó mọ́ iná, tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, ẹ̀rọ á dúró. "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà so ibí yìí pọ̀ kí ẹ̀rọ lè máa yí láìsí asẹ́ nítorí ìkánjú," ó wí. "Kò gbọdọ̀ sí àpò níwájú bọ́tìnì. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó ká apá aṣọ rẹ̀. Tí ìyẹ̀fun bá há, ẹ pa iná lára ògiri kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má nu ún nígbà tó bá ń yí."

"Á fa iṣẹ́ sẹ́yìn," Ìyá wí, ìwà kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan.

"Á fà á sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ńkọ́, ó ti fà á síwájú?"

Ìyá bẹ ìyàwó. Ó bẹ̀ ẹ́ lójú ọkọ rẹ̀ àti lójú àwọn oníbàárà. Ìyàwó tẹ́tí sí i títí ó fi parí.

"Mo gbọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní àjẹ́. Ojúlé tẹ́ ẹ dé tẹ́ ẹ ti sọ ọ́, ẹ padà lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tú u."

Ìyá lọ. Ó sọ òtítọ́ fún wọn pé òun lòun ní kí wọ́n tú asẹ́. Àwọn kan gbọ́ ọ. Àwọn púpọ̀ káàánú rẹ̀, wọ́n ní ìyàwó ti di òun náà lójú, àánú ṣe wọ́n pé àgbàlagbà ti ń gbè lẹ́yìn ẹni tó jẹ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìtàn tó ti fẹnu ara rẹ̀ gbìn kò gbà kó hú u mọ́. Ọmọ kejì àti ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù wọn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Àkọ́bí padà wálé pẹ̀lú àtàǹpàkò kan ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó ń fi òsì jẹun, ó ń dà á sára bí ọmọdé, kì í sì í bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Òṣìṣẹ́ tuntun kan ló wà nídìí ẹ̀rọ báyìí, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bá ẹnì kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣàwàdà, ó yí ojú sẹ́yìn, ó sì fọwọ́ ti ìyẹ̀fun síwájú láìwò ó. Ọwọ́ rẹ̀ gbá asẹ́, ó dún gbì. Kò tilẹ̀ wo asẹ́ náà. Ó fa ọwọ́ padà, ó parí àwàdà rẹ̀, ó mú ìyẹ̀fun mìíràn. Ìyá tó ń wò ó di ẹnu ọ̀nà mú.

"Màmá, kí ló ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan," ó wí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ dìde kẹ́ ẹ wo ohun tó ń yí nínú ilé yín. Fáànù tí ẹ tú àwọ̀n iwájú rẹ̀ nítorí ooru. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní gbangba. Ṣéènì ọ̀kadà tí kò ní ìbòrí, bíréèkì tó ti ń dún tí ẹ ń fi orin bò mọ́lẹ̀. Ẹ dá ààbò wọn padà lónìí, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí súìṣì wà kí ewu tó dé. Bí ẹnì kan bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ má kọ́kọ́ wo ẹnu tó fi sọ ọ́. Ohun tó nàka sí ni kẹ́ ẹ lọ wò. Bí ibi bá ti wá ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó bèèrè irú èèyàn tí ẹni tó fara pa jẹ́, bóyá ọ̀lẹ ni, bóyá obìnrin ni, bóyá àlejò ni, bóyá ọ̀tá yín ló wà nítòsí, ẹ fi ìbéèrè kan ṣáájú: ta ló tú ààbò rẹ̀? Tí ìdáhùn bá sì jẹ́ ẹ̀yin, ẹ sọ ọ́ jáde kí ọwọ́ ẹlòmíràn tó lọ síbẹ̀.